Koríko Tí Kò Gba Inú Asẹ́

Ohùn àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin náà mọ̀ láyé kì í ṣe ohùn ìyá rẹ̀. Ohùn ẹnu màlúù ni. Ògiri tó wà láàárín yàrá àwọn ọmọ àti ọgbà màlúù kò nípọn, ẹ̀gbẹ́ ògiri náà gan-an ni wọ́n sì máa ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá ti ní kó lọ sùn lọ́sàn-án, á gbé etí lé ògiri, á sì máa gbọ́ wọn níhà kejì: wọ́n ń jẹ, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń jẹ. Ohùn náà kì í yára, kì í sì í dúró. Ó dà bíi pé ẹnìkan ń fa aṣọ ya díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá mìíràn, tó sì ń ṣọ́ra kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Bí wọ́n bá gbé e mì, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ohùn yẹn ló máa ń gbé e lọ sójú oorun.

Ní ọdún tí òjò tètè lọ, ohùn náà kò yí padà. Ohun tó ń dẹ́rù bà á títí dòní nìyẹn. Màlúù ń jẹ ní òwúrọ̀, ó ń jẹ ní ìrọ̀lẹ́, ìhà rẹ̀ sì ń yọ síta. Ikùn wọn rí rogodo bí ikùn aboyún, ṣùgbọ́n èèyàn lè fi fìlà kọ́ egungun ìbàdí wọn. Nígbà tó yá, èyí tó bá ti dùbúlẹ̀ kò ní lè dìde mọ́. Ohùn ẹ̀yìn ògiri wá ń dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí àwọn èèyàn bá ń yọ́ dìde kúrò níbi ìpàdé, títí tó fi ku ẹnu kan ṣoṣo tó ń jẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé etí lé ògiri, kò gbọ́ nǹkankan.

Bàbá rẹ̀ kò lọ jìnnà kó tó rí ẹni tó máa dá lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà, ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì máa hù nígbà náà, ni wọ́n fi iṣẹ́ bíbọ́ àwọn màlúù lé lọ́wọ́.

"O fi wọ́n sílẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù," ni bàbá wí. "Ebi lo fi pa wọ́n."

"Bàámi, mo bọ́ wọn. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, mo bọ́ wọn."

"Ẹran tó ń jẹun ló wá ń kú lóòró? Ta lo fẹ́ kó gbà ọ́ gbọ́?"

Ọmọkùnrin náà sá lọ sílé ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ tán ni ọmọbìnrin kékeré náà tó lọ dúró níwájú bàbá rẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, tó ní òun gbọ́ wọn. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ. Bàbá rẹ̀ wò ó bí ẹni tí eṣinṣin bà lé lára.

"Ẹnu lásán ni wọ́n ń jẹ," ló dá a lóhùn.

Bàbá kò tún fa okùn ẹran kankan lé ọmọkùnrin náà lọ́wọ́ mọ́ títí ó fi kú. Ọmọbìnrin náà sì dàgbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn létí, ẹnu lásán, tí kò mọ ibi tó lè gbé e sí.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ti wá gbọ́ ohun tó pa àwọn màlúù náà. Olùkọ́ kan tó máa ń kọ ẹ̀yìn sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀ lọ́la. Ó ní inú màlúù kún fún àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, àwọn ló ń bá a fa koríko ya nínú ikùn. Àwọn náà ní oúnjẹ tiwọn, purotéènì sì ni olórí rẹ̀. Bí purotéènì inú koríko bá ti rẹlẹ̀ ju méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ, apá wọn ò ní ká iṣẹ́ mọ́, koríko á wá jókòó sínú ikùn bí ẹrù tí kò rí ẹni gbé e. Màlúù á yó, á sì máa gbẹ lọ.

"Á kú toúnjẹ-toúnjẹ lẹ́nu," ni olùkọ́ náà wí, ó sì nu pátákó.

Ọmọbìnrin náà dìde, ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Kò sunkún. Ó kàn gbé etí lé ògiri, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí tí ẹnìkan fi wá gbá ilẹ̀kùn pé ṣé ó ti sùn lọ síbẹ̀ ni.

Bó ṣe di ẹni tó ń wọn purotéènì inú oúnjẹ ẹran nìyẹn. Yàrá àyẹ̀wò tó ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn ilé ìtọ́jú ẹranko, ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí iná rẹ̀ máa ń ṣẹ́jú kó tó tàn. Tábìlì onísìmẹ́ńtì gígùn kan wà níbẹ̀ tí ásíìdì ti jẹ ojú rẹ̀, fèrèsé kan tí kì í ṣí tán, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí wọ́n ti ń se ásíìdì kí èéfín rẹ̀ má baà gbani lẹ́mìí, àti òṣùwọ̀n kékeré kan nínú àpótí gíláàsì, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá mí sí i, nọ́ńbà ojú rẹ̀ á sáré. Nítorí náà kì í mí bó bá ń wọn nǹkan. Wọ́n sọ ọ́ ní Àǹtí Òṣùwọ̀n. Bàbá Ẹlẹ́rọ, àgbàlagbà ọkùnrin tó ń bá wọn tọ́jú àwọn ẹ̀rọ, ló fún un lórúkọ náà, òun náà ló sì máa ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé, "Àǹtí Òṣùwọ̀n, ẹ mí o! Koríko ni, kì í ṣe wúrà!"

Kò lọ́kọ. Ọkùnrin kan ti fẹ́ fẹ́ ẹ nígbà kan, olùkọ́ tó tutù, tó máa ń ra ọsàn bọ̀ wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ wọn ò tipa ìjà forí ṣánpọ́n. Ọkùnrin náà ló ṣàkíyèsí pé bí àwọn bá jọ jókòó jẹun, obìnrin yìí á gbé ṣíbí sílẹ̀, á sì máa tẹ́tí sí ẹnu òun. "Èmi ò mọ ohun tó ń gbọ́ níbẹ̀," ló sọ fún ẹ̀gbọ́n obìnrin náà nígbà tó ń lọ, "ṣùgbọ́n ẹ̀rù oúnjẹ ti ń bà mí."

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Wọ́n á lọ koríko kúnná, wọ́n á wọn díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á dà á sínú ọ̀pá gíláàsì, wọ́n á sì fi ásíìdì líle sè é. Á kọ́kọ́ dúdú bí ọ̀dà, á hó, á ru èéfín funfun, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí á wá mọ́ kedere bí omi tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Gbogbo ohun tó jẹ́ koríko ti lọ nígbà yẹn, òórùn rẹ̀, ewé rẹ̀, oòrùn tó yá. Náítírójìn tó wà nínú purotéènì ló kù. Wọ́n á fi omi sódà lé e jáde bí afẹ́fẹ́, wọ́n á mú un sínú gíláàsì mìíràn tí omi inú rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, wọ́n á wá máa kán ásíìdì sí i lẹ́kán-lẹ́kán títí àwọ̀ náà á fi yí sí pupa rẹ́súrẹ́sú. Iye tí wọ́n kán ló máa sọ iye náítírójìn, náítírójìn ló sì máa sọ iye purotéènì. Bó bá ń ṣe tàwọn ọ̀pá tó ní koríko nínú, á tún ṣe ti ọ̀pá kan tí kò sí koríko kankan nínú rẹ̀, láti mọ ohun tí ásíìdì àti afẹ́fẹ́ yàrá ń fi sí i fúnra wọn. Ọ̀pá òfìfo yẹn kì í ṣófo tán. Ó máa ń rí nǹkan díẹ̀ níbẹ̀ nígbà gbogbo. Bàbá Ẹlẹ́rọ ní iwin ni.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, ibi ìlọ̀ ló ti máa ń bàjẹ́ bó bá máa bàjẹ́. Ewé rọ̀, ó máa ń tètè gba inú asẹ́ ẹ̀rọ ìlọ̀ kọjá. Igi koríko le, ó máa ń ta kú sẹ́yìn asẹ́, á máa yí, á máa ta pá-pá-pá bí ẹni tí kò fẹ́ lọ. Ọ̀lẹ á pa ẹ̀rọ, á gbọn ìyókù náà sínú garawa ìdọ̀tí, á sì gbé ìyẹ̀fun ewé lọ. Ìyẹ̀fun náà á sọ pé koríko dára. Kì í sì í ṣe ewé nìkan ni màlúù ń jẹ. Nítorí náà òfin kan ṣoṣo ló wà tí Àǹtí Òṣùwọ̀n máa ń jà lé lórí: ohun tó bá kù sẹ́yìn asẹ́, ẹ dá a padà, ẹ tún un lọ̀, títí gbogbo rẹ̀ á fi kọjá. Ó ti lé akẹ́kọ̀ọ́ méjì jáde nítorí rẹ̀. Ó ti bá Bàbá Ẹlẹ́rọ jà débi pé ọkùnrin náà kó ife tíì rẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn, kò sì padà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn ikú bàbá wọn ni ìyá wọn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní abo màlúù kan ṣoṣo. Láti ara ẹyọ kan yẹn ló ti tún ọgbà náà kún. Abo náà ṣì wà láàyè, wọ́n ń pè é ní Ìyá Àgbà, ó ti gbó débi pé etí rẹ̀ ti fàya, síbẹ̀ kò sí màlúù tó máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi omi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ bàbá wọn. Bó bá mu ọtí díẹ̀, ó máa ń ka màlúù rẹ̀ sókè ketekete bí ẹni pé ẹnìkan tó jókòó ní kọ̀rọ̀ ló ń kà á fún.

Lọ́dún yìí, òjò tún tètè lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gé ewé ẹ̀wà àti koríko pọ̀, ó ti sá a, ó ti dì í sórí àjà. Kéèkì ẹ̀pà, ìyókù ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, tí wọ́n máa ń fi ti irú koríko bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, ti wọ́n níbi gbogbo. Èyí tó rí kò lè tó ju ìdajì ọgbà lọ. Bí koríko rẹ̀ bá lágbára tó, gbogbo wọn á rí òjò. Bí kò bá lágbára, àfi kó ta ìdajì wọn báyìí tí ara wọn ṣì dán. Alágbàtà màlúù máa kọjá lágbègbè náà lẹ́ẹ̀kan péré kí ilẹ̀ tó gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, awọ ni wọ́n á máa wá rà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àpò kan lára koríko náà wá fúnra rẹ̀, ó gbé e lé tábìlì, ó sì fi ọwọ́ gbọn eruku aṣọ rẹ̀.

"Àbúrò, wo èyí fún mi dáadáa."

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé mo máa ń wo ti ẹlòmíì láìdáa ni?"

"Mo mọ̀. Mo kàn ní kí o wo tèmi dáadáa." Kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó sá lọ sílé ẹ̀gbọ́n ìyá wọn.

Bàbá Ẹlẹ́rọ kò sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ọjọ́ Ẹtì, ó lọ yọ eyín. Àǹtí Òṣùwọ̀n nìkan ló lọ koríko náà. Òun nìkan ló wọ̀n ọ́n, tó sè é, tó kán an. Gíláàsì méjì ló ṣe, àwọn méjèèjì sì sọ ohun kan náà: mẹ́sàn-án lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Kò dúró kó tún un ṣe ní ọjọ́ mìíràn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó gbé fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá, ó lé ní mẹ́sàn-án."

"Mẹ́sàn-án kí ni? Sọ̀rọ̀ bí èèyàn, jàre."

"Ó dáa. Ó máa gbé wọn dé òjò."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ hó yèè, ó gbọ́ tí fóònù bọ́ sílẹ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré. Lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá wọn wọlé, tó ń mí gúlegúle. "Ọmọ mi, ọwọ́ ẹ ò ní tàsé láyé o." Ó ṣe àmín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Bàbá Ẹlẹ́rọ ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú àti garawa ìdọ̀tí lọ́wọ́.

"Àǹtí Òṣùwọ̀n, ibo lẹ fẹ́ kí n ti dọ̀bálẹ̀?"

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Inú mi dùn ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ń jẹ ìyà nítorí igi koríko, ẹ̀yin náà wá dà á nù." Ó tẹ garawa síwájú rẹ̀. "Ẹ ò tiẹ̀ fi bébà bò ó mọ́lẹ̀. Èmi máa ń fi bébà bò ó."

Ó wo inú garawa náà. Igi ewé ẹ̀wà ni, gígé kúkúrú-kúkúrú, àwọ̀ rẹ̀ rí bí ìka ẹni tó ti pẹ́ nínú omi. Ó kún ọwọ́ méjì.

"Ta ló dà á síbẹ̀?"

"Ẹ bi mí? Eyín ni mo lọ yọ. Àfi bó bá jẹ́ iwin inú ọ̀pá òfìfo yẹn ló jáde wá bá yín tún ilé ṣe." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó wá rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. "Ó dáa, ẹ má bínú. Mo ń ṣeré ni."

Àǹtí Òṣùwọ̀n jókòó. Ó rántí pé òun da koríko sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó rántí ariwo rẹ̀, bí igi náà ṣe ń ta pá-pá-pá, bó ṣe ń rò ó pé kí nǹkan má ṣe ẹ̀gbọ́n òun. Ó rántí pé òun fi búrọ́ọ̀ṣì nu inú ẹ̀rọ. Láàárín méjèèjì, kò rántí nǹkankan. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni tó ń wo àlejò tó ti wọlé kó tó kanlẹ̀kùn. Ọwọ́ yìí mọ òfin. Ọwọ́ yìí ló fi lé akẹ́kọ̀ọ́ méjì jáde. Ta ló rán an?

Gíláàsì méjì tó sọ ohun kan náà kò tó nǹkan. Inú ìyẹ̀fun kan náà ni wọ́n ti wá. Irọ́ kan náà ni wọ́n jọ pa.

Ìdajì àpò náà ṣì wà. Ó da gbogbo rẹ̀ sórí ọ̀rá mímọ́, ó pò ó pọ̀, ó pín in sí mẹ́rin, ó mú ìdá méjì tó kọjú síra wọn, ó tún pò ó, ó tún pín in, kó lè rí i pé ewé àti igi wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà lórí àjà. Ó ní kí Bàbá Ẹlẹ́rọ dúró ti òun, kó máa wo ọwọ́ òun. Ọkùnrin náà dúró, kò ṣeré. Ewé kọjá. Igi kù. Ó dá a padà. Ó kù, ó dá a padà. Ẹ̀rọ náà ń lọ ohun líle náà díẹ̀díẹ̀, kò yára, kò dúró, Àǹtí Òṣùwọ̀n sì ń gbọ́ ohùn náà lẹ́yìn etí rẹ̀, lẹ́yìn ògiri, àwọn ẹnu tó ń jẹ tí wọn kò sì rí nǹkankan jẹ. Bàbá Ẹlẹ́rọ fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ó ti kọjá tán, Àǹtí. Ẹ pa á."

Ó se àpẹẹrẹ kan tí wọ́n ti mọ iye rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nínú ọ̀pá tirẹ̀, kó má baà di ẹ̀bi ẹ̀rọ. Àpẹẹrẹ náà jáde gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ. Koríko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò pé mẹ́fà.

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ó sọ ọ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn pa fóònù. Ó ti sọ fún alágbàtà náà pé kó má yà sọ́dọ̀ òun mọ́. Lọ́rì alágbàtà náà wà ní ìlú kejì, ó ń kó ẹran, ó sì máa lọ bí ilẹ̀ bá mọ́. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí alùpùpù fi dúró níta, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé pẹ̀lú eruku lójú àti lórí.

"Nọ́ńbà wo ni kí n gbà gbọ́?"

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ọjọ́ Ẹtì o ní mẹ́sàn-án, lónìí o ní kò pé mẹ́fà. Ṣé koríko mi ń ṣàìsàn ni?"

"Èmi ni mo ṣì í ṣe. Mo da igi rẹ̀ nù."

"Ìwọ!" Ó rẹ́rìn-ín burúkú. "Ìwọ tí wọ́n ń fi orúkọ òṣùwọ̀n pè. Tó bá jẹ́ ti àwọn tí o ò mọ̀ rí, ọwọ́ ẹ kì í ṣìṣe. Ó wá kan tèmi."

"Nítorí pé ó kan tiyín ni. Mo fẹ́ kó dáa. Mi ò mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀."

Bàbá Ẹlẹ́rọ rọra gbé ife tíì rẹ̀, ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn pa.

"Ṣe é lójú mi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Ọ̀pá kan ṣì kù tí kò tíì kán. Ó lé ohun inú rẹ̀ jáde pẹ̀lú ooru omi, ó mú un sínú gíláàsì, omi náà di àwọ̀ ewé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kán ásíìdì. Ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan. Àwọ̀ ewé náà mì, ó rẹ̀, ó pọ́n.

"Ó ti tán?"

"Ó ti tán."

"Kò mà pẹ́."

"Kò sí nǹkan púpọ̀ níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

Ọkùnrin náà yíjú sí àwo tí àbúrò rẹ̀ kó igi inú garawa sí. Ó mú ọ̀kan, ó wò ó, ó fi sẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ bí ẹran ṣe ń jẹ ẹ́, eyín rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń bọ̀ sósì, itọ́ yọ sí i létí ètè, kò sì gbé ojú kúrò lójú àbúrò rẹ̀. Kò sí ohùn mìíràn nínú yàrá náà. Obìnrin náà fẹ́ di etí, ọwọ́ rẹ̀ kò gbéra. Nígbà tó jẹ ẹ́ pẹ́, ó tú u sí àtẹ́lẹwọ́. Igi náà ti ya wẹ́wẹ́, síbẹ̀ igi ló ṣì jẹ́.

"Mo bọ́ wọn," ló wí. "Nígbà yẹn. Mo bọ́ wọn ju bí wọ́n ṣe ní kí n bọ́ wọn lọ."

"Mo mọ̀. Mò ń gbọ́ wọn lẹ́yìn ògiri."

"O ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mo sọ fún Bàámi. Ẹ ti lọ nígbà yẹn."

Ó wò ó. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ẹnu lásán ni wọ́n ń jẹ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó nígbà náà, lórí àga gíga tí kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n kò sí ohùn kankan tó jáde. "Wọ́n mà sọ òótọ́," ló wí nígbà tó yá. "Baba yẹn sọ òótọ́, kò sì mọ̀." Ó nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Mélòó ni kó lọ?"

"Ìdajì. Kéèkì tí ẹ ní á gbé ìdajì tó kù."

"Ìyá Àgbà ńkọ́?"

Obìnrin náà da omi pupa inú gíláàsì náà nù. Ó mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n: arúgbó tí kò lè bímọ mọ́ kì í jẹ kéèkì ọ̀dọ́.

"Òun ló máa kọ́kọ́ gun ọkọ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Bí òun bá gùn ún, àwọn tó kù á tẹ̀ lé e. Bí kò bá gùn ún, a ò ní rí ọ̀kan gbé." Ó gbé fóònù sétí. "Alágbàtà. Èmi ni... Ẹ́n-ẹ́n, mo mọ̀ pé mo ní kí o má yà. Mo wá ní kí o máa bọ̀ báyìí... Má bú mi, bí o bá dé kí o wá bú mi lójúkojú... Ìdajì... Mo ní ìdajì, etí ẹ di ni?"

Ó pa fóònù, ó dìde. Lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró láìwo ẹ̀yìn.

"Bí òjò bá dé, tí àwọn tó kù bá yè é, báwo la ṣe máa mọ̀ pé àwọn tó lọ ì bá kú?"

"A ò ní mọ̀."

"Láéláé?"

"Láéláé, Bọ̀ọ̀dá."

"Iṣẹ́ burúkú lo ń ṣe," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, láìbínú. Ó lọ. Alùpùpù rẹ̀ kọ̀, ó tún un tẹ̀, ó gbà.

Àǹtí Òṣùwọ̀n kò tètè délé. Yàrá méjì ló ń gbé, lókè ilé alájà, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíì. Ìyá rẹ̀ pè, ó gbé e, ìyá náà kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ màlúù. Ó bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní òun ti jẹun. Ìyá náà ní ó dáa, ẹ̀gbọ́n ẹ wà nínú ọgbà, ó ń fi kànìnkànìn fọ Ìyá Àgbà lára. Pé ó ní bó bá máa lọ, kó lọ ní mímọ́. Ìyá rẹ̀ ní kò burú, ó dàárọ̀.

Kọ́tìnnì yàrá tó fọ̀ láàárọ̀ ti gbẹ lórí okùn. Ó ká a wọlé, ó nà án sórí ibùsùn, ó wá àwọn ìkọ́ rẹ̀ nínú abọ́ tó kó wọn sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n bọ ojú ihò aṣọ náà. Ọ̀kan tẹ̀, ó fi eyín tọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó gun orí àga, ó fi ọwọ́ kan gbá fèrèsé mú, ó sì ń fi wọ́n kọ́ ọ̀pá lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ òsì wá. Nígbà tó kọ́ èyí tó kẹ́yìn tán, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa kọ́tìnnì náà lọ, ó fà á bọ̀, láti mọ̀ bóyá ó ń sún dáadáa. Ó ń sún. Ó gbé àga padà síbi tábìlì.